Igi Ìdí Ìbọn Adébọ̀dé

Adébọ̀dé kò yìnbọn rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbọn ẹlẹ́nu méjì mẹ́rin ló wà nínú yàrá rẹ̀ ní àdúgbò Fola Agoro, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwé àṣẹ tirẹ̀. Kì í ṣe ọdẹ. Iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù ló kọ́. Òun ló máa ń fín àwòrán àti lẹ́tà sára páànù fún àwọn atẹ̀wé Ṣómólú, láyé ìgbà tí wọn kò lè tẹ káàdì ìgbéyàwó tàbí àlìmánáàkì kan láìkọ́kọ́ wá ẹni tó máa fín in. Ohun tó sì mú un fẹ́ràn ìbọn kò ju ọnà tí àwọn òyìnbó àtijọ́ fín sára irin rẹ̀ lọ. Ọ̀kan ní ewé àti òdòdó tó lọ́ mọ́ra wọn títí dé ibi tí ìka ti ń fà á. Èyí tó fẹ́ràn jù ní ajá méjì tó ń dọdẹ ẹyẹ nínú koríko, èèyàn sì lè ka egungun ìhà àwọn ajá náà. Ó máa ń sọ pé bí ọwọ́ ẹni tó fín ajá wọ̀nyẹn bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, irin ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sí ohun tí wọ́n fi ń pa á rẹ́.

Ọwọ́ àwọn ọmọ lọ́yà àti dókítà àtijọ́ ní Yábàá àti Èbúté Mẹ́ta ló ti rà wọ́n, àwọn tí bàbá wọn kú tí wọn ò mọ ohun tí wọ́n lè fi ìbọn ṣe. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló ń fi òróró nu irin wọn. Ní ti igi ìdí wọn, aṣọ gbígbẹ ló fi ń gbá a kọjá. Lójú tirẹ̀, igi kàn wà níbẹ̀ láti gbé ọnà dúró ni.

Rùkáyátù, ìyàwó rẹ̀, ọmọ onílẹ̀ ní Bàrígà, kò rí ohun tó dára nínú wọn. Ìwé dídì ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí Adébọ̀dé ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti mọ ara wọn. Ó gbà pé ohun tó ń pa èèyàn kò yẹ kó wà nínú ilé tí ọmọ ń gbé. Nígbà tí Dọlápọ̀, ọmọ wọn kan ṣoṣo, lọ́kọ tó sì lọ sí Ìbàdàn, Rùkáyátù fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í wọ yàrá yẹn bí kò bá nídìí.

Ọdún tí ìjọba kúrò lọ́wọ́ ológun tó bọ́ sọ́wọ́ alágbádá, iṣẹ́ pọ̀ ní Ṣómólú ju ti ìgbàkígbà lọ. Pósítà àwọn olóṣèlú kún gbogbo ògiri, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń ké láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló ń ṣe gbogbo àwòrán wọ̀nyẹn, kò sẹ́ni tó wá Adébọ̀dé. Ilé ló ń jókòó sí, tòun ti àwọn ìbọn rẹ̀.

Kí ọdún náà tó parí, ní òwúrọ̀ Sátidé kan, ó nawọ́ sí ife omi, ọwọ́ náà kò sì dé ibẹ̀. Ó ń wò ó bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Kí Rùkáyátù tó ti kíṣìnnì dé pálọ̀, ó ti wó lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọsibítù, ó ti lè sọ̀rọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ahọ́n rẹ̀ wúwo, ó ti lè wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí bálùwẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń ṣiṣẹ́ jẹun láti kékeré ni kò padà.

Láti ìgbà náà, orí àga kan ló ń wà lójúmọ́, ojú rẹ̀ sí ilẹ̀kùn yàrá àwọn ìbọn. Rùkáyátù rí i títí, kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó bi í bóyá kí òun máa bá a nù wọ́n. Adébọ̀dé mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ojú rẹ̀ sì tutù bí ẹni tí wọ́n bá gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

Bó ṣe di pé obìnrin tó kórìíra ìbọn ń gbé ìbọn wá sí pálọ̀ nìyẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń tẹ́ ẹ sórí itan, tí ọkọ rẹ̀ sì ń júwe ibi tí aṣọ yóò gbà. Egungun ìhà àwọn ajá yẹn ló kọ́kọ́ mú un lójú. Òun tó ti ń fi òwú rán ẹ̀yìn ìwé láti ìgbà ọmọge rí i pé ìlà wọ̀nyẹn tín-ín-rín ju òwú òun lọ. Ó béèrè bí wọ́n ṣe ń fín irú rẹ̀. Adébọ̀dé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó ń kólòlò, ó ń sinmi, ó tún ń bẹ̀rẹ̀, títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Ìgbà àkọ́kọ́ tó sọ̀rọ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn látìgbà tí àìsàn ti dé. Ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ìyàwó rẹ̀ béèrè.

Rùkáyátù kì í ṣahun òróró. Ó máa ń da á sára irin títí tí yóò fi máa dán, yóò wá gbé ìbọn náà padà síbi tí ọkọ rẹ̀ máa ń gbé e sí, ìdí nílẹ̀, ẹnu lókè.

Ọdún kejì, àwọn olè kò jẹ́ kí Bàrígà àti Ṣómólú rímú mí. Ilé tí wọn kò bá wọ̀ lónìí, wọ́n á kọ ìwé sí i pé àwọn ń bọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ òpópónà fúnra wọn, pẹ̀lú àdá àti pákó. Saheed ni olórí wọn ní òpópónà ilé Adébọ̀dé, awakọ̀ kabúkabú kan tó jẹ́ ọmọ ojúlé kejì, tó sì ti kọ́ ìwé dídì lọ́dọ̀ Rùkáyátù nígbà kan kó tó sọ pé òun fẹ́ràn mọ́tò ju ìwé lọ.

Ní ọ̀sán Sọ́ńdè kan, Saheed àti àwọn méjì mìíràn wọlé, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n béèrè àlàáfíà ara. Saheed wá sọ ohun tó gbé wọn wá.

“Dádì, a mọ̀ pé ara yín ò gbà kí ẹ bá wa jáde. Ṣùgbọ́n ẹ lè dá sí i. Ìbọn kan péré la fẹ́ yá lọ́wọ́ yín. Táwọn olè yẹn bá gbọ́ ìró rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọn ò ní padà wá.”

Rùkáyátù ti ń dúró de kí ọkọ òun lé wọn jáde. Ẹni tí kì í jẹ́ kí Dọlápọ̀ fọwọ́ kan irin náà, ṣé òun ló máa gbé e fún àwọn tó ń fi pákó ṣọ́de? Ṣùgbọ́n Adébọ̀dé kò lé wọn. Ó nàró díẹ̀ lórí àga, ó ní, “Gbé e fún wọn. Èyí tó ní ajá.”

Rùkáyátù wò ó lójú, ó sì yé e. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e ti ọsibítù dé, gbogbo ẹni tó ń wá kí i, àánú ló ń mú wọn wá. Kò tíì sí ẹnikẹ́ni tó wá béèrè ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Èyí nìkan ni.

Ó dìde, ó lọ sí yàrá. Ó di ìbọn náà mú ní ọrùn ìdí rẹ̀, níbi tí igi ti wọnú irin, ó sì gbé e sókè. Ohun kan rọ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó rò pé aṣọ ni. Ó yí i padà, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, àtàǹpàkò náà sì wọlé bí ẹni tẹ búrẹ́dì. Òróró dúdú sun jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin.

Ó dúró síbẹ̀. Adìwé mọ ohun tí òróró ń ṣe. Ìwé tó bá ti mu òróró, bó ṣe wà náà ló máa wà lójú, ọjọ́ tí o bá ṣí i ló máa já. Ó rò ó pé bóyá àwọn ọmọ yẹn kò ní yìn ín, bóyá wọ́n kàn máa gbé e kọ́ èjìká rìn kiri ni. Ó ronú kan ọkọ rẹ̀ tó nàró lórí àga. Lẹ́yìn náà ló ronú kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Saheed, níbi tí ìdí ìbọn máa ń wà tí èèyàn bá fẹ́ yìn ín. Ó gbé ìbọn náà padà sílẹ̀, ó sì jáde lọ́wọ́ òfo.

Ó ní, “Mi ò lè gbé e fún yín. Igi ìdí rẹ̀ ti jẹrà. Ẹni tó bá yìn ín, irin yẹn máa padà sí i lójú ni. Yàtọ̀ síyẹn, orúkọ bàbá yín nìkan ló wà nínú ìwé àṣẹ rẹ̀.”

Saheed béèrè àwọn mẹ́ta tó kù. Rùkáyátù ní òun kò tíì yẹ ìdí wọn wò, àti pé ohun tí òun kò bá tíì yẹ̀ wò, òun kò ní gbé e sọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn ọmọkùnrin náà wojú ara wọn. Saheed dìde, ó dúpẹ́, kò sì dọ̀bálẹ̀ mọ́ kó tó jáde.

Nígbà tí ilẹ̀kùn pa dé, Adébọ̀dé ní, “O dójú tì mí.”

Rùkáyátù lọ gbé ìbọn náà wá, ó tẹ́ ẹ sórí itan ọkọ rẹ̀, ó mú ọwọ́ òsì rẹ̀, ó gbé e lé ọrùn igi náà. Àtàǹpàkò tirẹ̀ náà wọlé. Ó fà á yọ, ó fi ìka pa òróró náà lára, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Òróró tí mo fi ń nu irin ni,” ó ní. “Òkè ni mo ń fi í sí, ó ń ṣàn wálẹ̀ sínú igi. Láti ọdún wọ̀nyí wá. Ọwọ́ ara mi ni mo fi bà á jẹ́.”

Rùkáyátù, tó mọ̀ pé òróró tí òun dà sí i láàárín ọdún kan kò kéré, ní, “Ọwọ́ àwa méjèèjì ni.”

Ọjọ́ kejì ló yẹ àwọn mẹ́ta yòókù wò. Igi tiwọn ṣì le. Ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó da ẹnu gbogbo wọn kọ ilẹ̀, kí òróró yòówù tó bá fẹ́ ṣàn máa ṣàn kúrò lára igi.

Nígbà tó dábàá pé kí wọ́n wá ẹni tó máa gbẹ́ ìdí tuntun, Adébọ̀dé kọ̀. Ó ní igi tó bá a ti òkè òkun wá nìyẹn, tí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ìbọn yẹn mọ́. Rùkáyátù bi í pé ìwé tí òun bá pààrọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ṣé kì í ṣe ìwé yẹn mọ́ ni? Ní àdúgbò, ìkíni àwọn kan ti tutù sí wọn. Nínú ilé, ọkọ rẹ̀ tún padà sí wíwo ilẹ̀kùn. Nígbà tó tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ohun tó sọ kò ju “Ṣe é bó o bá ṣe fẹ́” lọ, ohùn rẹ̀ kò sì dùn.

Rùkáyátù tú igi náà kúrò lára irin, ó fi ìwé ìròyìn wé e, ó sì gbé e lọ sí etí ọ̀sà ní Ìlàjẹ tó wà ní Bàrígà, lọ́dọ̀ Ezekiel tó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ezekiel ló bá a gbẹ́ pákó tó fi ń tẹ ìwé nígbà kan. Ó gba igi náà, ó yí i sọ́tùn-ún sósì, ó tẹ ibi tó rọ̀.

“Màmá, igi yìí ò kú o,” ó ní. “Ó mu yó ni.”

Ó fi pátákó igi apá kan hàn án, èyí tó ṣẹ́ kù lára ọkọ̀ tó kàn tipẹ́, tó ti wà lókè àjà níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń yan ẹja, tí èéfín ti gbẹ ẹ́ látìgbà náà. Ó ní igi apá tó bá gbẹ tó báyìí, kòkòrò kì í jẹ ẹ́, omi kì í rí i gbé ṣe. Yóò kàn wúwo ju ti òyìnbó lọ. Ó ní kó fi ìdí àtijọ́ sílẹ̀ kí òun lè rí bó ṣe tẹ̀.

Nígbà tó gbẹ́ ẹ dé ìwọ̀n kan, ilé ni Ezekiel gbé e wá, torí pé ó ní láti fi irin wọ̀n ọ́n. Ó jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀, ó tan àtùpà, ó fi èéfín rẹ̀ kun irin náà dúdú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi, ó sì yọ ọ́. Ibi tí èéfín bá ti tẹ igi dúdú, ibẹ̀ ni irin ti ń kọ́. Ibẹ̀ ló máa fi ọ̀bẹ họ díẹ̀, kó tó tún kun ún, kó tún tẹ̀ ẹ́.

Adébọ̀dé kò kọ́kọ́ wò ó. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ kúrò lára ilẹ̀kùn. Bí òun náà ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù nìyẹn: ẹ kun yíǹkì, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ pépà, ẹ wò ó, ẹ gé ibi tó ga. Ó rọra tẹ̀ síwájú lórí àga.

“Ó ṣì ga lápá òsì,” ó ní.

Ezekiel gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ó họ apá òsì. Ọjọ́ tí ó tún padà wá, Adébọ̀dé ti ní kí Rùkáyátù gbé àga òun sún mọ́ ibi tí iṣẹ́ ti ń lọ. Ọ̀sán bíi mélòó kan ni àwọn ọkùnrin méjèèjì fi ń tẹ̀ ẹ́ tí wọ́n ń yọ ọ́, títí igi àti irin fi mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí pépà kò lè wọ àárín wọn.

Ọjọ́ ìkẹyìn ni Adébọ̀dé béèrè ìdí àtijọ́. Ezekiel sọ orí kọ́. Ó ní kó dákun, ìyàwó òun kò mọ̀ pé nǹkan gidi ni, ó ti kó o mọ́ igi tó fi yan ẹja. Omi bọ́ lójú Adébọ̀dé, bó ti máa ń tètè bọ́ látìgbà àìsàn. Ezekiel bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Adébọ̀dé ní, “Á mà jó dáadáa o, pẹ̀lú gbogbo òróró yẹn.”

Ezekiel kò rẹ́rìn-ín títí tó fi rí i pé Rùkáyátù ti ń rẹ́rìn-ín.

Ohun kan kù. Igi tuntun náà dán jù, ọwọ́ ń yọ̀ lára rẹ̀. Ti òyìnbó ní ìlà wẹ́wẹ́ tó dábùú ara wọn lápá méjèèjì ọrùn rẹ̀, kí ọwọ́ lè dì í mú. Ezekiel ní iṣẹ́ yẹn kéré ju ọwọ́ òun lọ. Adébọ̀dé ní kí wọ́n gbé àpótí irinṣẹ́ òun wá. Ó fi ọwọ́ òsì mú irin kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà sórí àjákù pátákó, tí Rùkáyátù dì mú fún un lórí itan rẹ̀. Ìlà náà rí bí ọ̀nà tí ìgbín gbà. Ní ọsibítù wọ́n fún un ní bọ́ọ̀lù kan pé kó máa tẹ̀ ẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ lè le, kò sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan rí. Ṣùgbọ́n èyí, àárọ̀ ló máa ń béèrè rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó kúrò lórí àjákù, ó bọ́ sórí ìdí ìbọn gan-an, ó sì parí apá kan. Àwọn ìlà náà kò gún. Kò sì fi wọ́n pamọ́.

Ọkùnrin kan láti Ìkòyí, tóun náà ń kó irú ìbọn bẹ́ẹ̀ jọ, wá wò wọ́n lásìkò náà. Ó gbóríyìn fún àwọn ajá, ó sì kẹ́dùn nípa igi. Ó ní ìbá sàn kí wọ́n fi èyí tó jẹrà sílẹ̀ lára rẹ̀, torí pé bí wọ́n ṣe ṣe é yìí, wọ́n ti bà á jẹ́. Adébọ̀dé béèrè bóyá ó lè yin èyí tó jẹrà. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ta ní ń yin irú èyí?

Lẹ́yìn tó lọ, Adébọ̀dé jókòó pẹ́, ìbọn náà lórí itan rẹ̀. Ó wá sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun fẹ́ mọ̀ bóyá igi tuntun náà yóò gbà á tí wọ́n bá yin ìbọn náà.

Wọ́n gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá pé àwọn fẹ́ gbé e rìnrìn àjò lọ sí abúlé rẹ̀ lẹ́yìn Abẹ́òkúta, níbi tí Àjàlá, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, ti ń ṣọdẹ. Saheed ló fi mọ́tò gbé wọn lọ. Àdúgbò ti ṣe géètì irin sí orí òpópónà nígbà náà, wọ́n sì ti gba ọdẹ tó ń gbowó oṣù. Nígbà tí Saheed gbọ́ pé wọ́n ń wá mọ́tò, ó wá fúnra rẹ̀.

Ní etí oko, wọ́n gbé àga fún Adébọ̀dé lábẹ́ igi òrombó. Àjàlá yẹ ìbọn náà wò fínnífínní, kò tilẹ̀ wo àwọn ajá tí wọ́n fín sára rẹ̀. Ó ní òun kò ní fi èjìká òun dán ìbọn tí òun kò mọ̀ wò. Ó so ó mọ́ ẹ̀ka igi, ó fi katiríjì tí ẹ̀tù rẹ̀ kéré sí i, ó fi okùn fà á láti òkèèrè. Ìró rẹ̀ mú Rùkáyátù gbọ̀n. Láti gbogbo ọdún tí ìbọn ti wà nílé òun, kò gbọ́ ohùn ọ̀kan rí. Àjàlá tú u, ó yẹ ọrùn igi wò, ó tún fi katiríjì sí i, lọ́tẹ̀ yìí ó gbé e lé èjìká. Ó yìn ín. Ẹyẹ fò jáde nínú oko ẹ̀gẹ́.

Ó gbé e wá, ó tẹ́ ẹ sórí itan Adébọ̀dé. Rùkáyátù bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn rẹ̀. Ó le.

Adébọ̀dé bi Àjàlá bí ó ṣe ta á ní èjìká.

“Bí ìbọn ṣe ń ta èèyàn ló ṣe ta mí,” ni Àjàlá wí. “Ṣùgbọ́n ibi tí o fín yẹn dára. Òógùn mú ọwọ́ mi, kò yọ̀.” Ó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀ fún òun. Adébọ̀dé ní òun kò tíì ṣe apá kejì, kó dúró ná.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Adébọ̀dé sùn lọ lẹ́yìn mọ́tò. Saheed bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bí igi ṣe ń jẹrà láìjẹ́ pé ó hàn lójú, Rùkáyátù sì ṣàlàyé fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, òróró, ìdí tó wà nílẹ̀, gbogbo rẹ̀.

“Mọ́mì, ká ní ẹ fún wa lọ́jọ́ yẹn, èmi ni ǹ bá gbé e dání.”

“Mo mọ̀,” Rùkáyátù ní.

Ó tó ọdún tó tẹ̀ lé e kí Adébọ̀dé tó parí apá kejì, torí pé ó sinmi nígbà òjò, ara rẹ̀ kò sì le tó ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìwé àṣẹ Àjàlá jáde, ó wá gbé ìbọn náà. Adébọ̀dé fi ọwọ́ òsì gbé e fún un, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e. Lẹ́yìn náà ó ní kí Rùkáyátù gbé èyí tó ní òdòdó wá, kí àwọn wo ìdí tirẹ̀ náà.